Ẹ̀rọ Koríko àti Nọ́ọ̀tì Ìkẹyìn

"Kí ló bàjẹ́?"

Bí mo ṣe máa ń gbé fóònù nìyẹn. Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Ṣómólú, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì dákẹ́ sórí iṣẹ́ kì í ní àyè kí-lo-jẹ-lánàá. Bí ẹni tó pè bá ní òun kàn ní kí òun kí mi ni, màá ní ó ṣeun, màá sì pa fóònù mi. Kí ló tún kù tí a fẹ́ máa sọ?

Kausarat, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló pè lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò tíì sí ohun tó bàjẹ́ o. Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ rà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yàn án."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà láti àárọ̀, tí mò ń wo àjà. Bí mo ṣe gbọ́ "ẹ̀rọ", mo dìde jókòó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ̀ mí gbẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀rọ tí mo mọ̀, àwọn onírin gidi tó máa ń mi ilẹ̀ tìtì, wọ́n ti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọmọ àná kan á gbé láàpútọ́ọ̀pù dé, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, ó parí. Ọwọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní dọ̀tí! Mo máa ń kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa ń sáré pàdé mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á máa pariwo, "Ẹ̀ńjiníà Ràmọ́nì, Ọlọ́run ló rán yín!" Ní báyìí, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀," wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó ń dùn mí. Kí n má purọ́, ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀yìn ọ̀nà Pedro ni ilé mi wà. Yàrá méjì nísàlẹ̀ ni tèmi, àwọn ayálégbé wà lókè. Wọn ò níwà burúkú. Wọ́n á kí mi láàárọ̀ bí wọ́n bá ń sáré jáde, wọ́n á kí mi nírọ̀lẹ́ bí wọ́n bá ń sáré wọlé, ó tán. Ọdún kẹta rèé tí Sàwúdátù, ìyàwó mi, ti kú. Òun ló máa ń bá Kausarat sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún odidi wákàtí kan, lórí àlá, lórí aṣọ, lórí ẹni tó bímọ. Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa kùn pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò lópin ni?" Nígbà tí Sàwúdátù lọ tán, tí ọmọ bá pè, mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ. Màá bi í pé kí ló bàjẹ́. Á ní kò sí. Màá ní, "Ó dáa, má fi káàdì rẹ ṣòfò." Ìpè náà di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ọmọ yìí ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó lọ ń dáko ní ọ̀nà Ayétòrò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ló gbìn o, koríko ni! Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo ní, "Kausarat, koríko tí Ọlọ́run ń hù fún wa lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó ní àwọn tó ń sin àgbò ní Bàrígà àti káàkiri Èkó, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ gbígbẹ wá, pé òun lè ṣe é nítòsí. Ká gé e, ká sá a sóòrùn, ká dì í, ká gbé e wá sí Èkó. Ọkọ rẹ̀, Abdulhakeem, ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Nítorí náà, Kausarat fúnra rẹ̀ ló ń wa katakata.

"Wàhálà mi wà níbi gbígbẹ rẹ̀, Bàbá," ó sọ lórí fóònù. "Tí a bá gé e, á wà ní òkìtì. Òkè á gbẹ, abẹ́ á tutù, á bu. A gbọ́dọ̀ tú u ká kí òòrùn lè dé ibi gbogbo. Tó bá wá gbẹ tán, a gbọ́dọ̀ wọ́ ọ jọ sí ìlà ká tó dì í. Godspower tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Bàrígà ní òun ní èyí tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, òun sì tún ní òmíràn. Mi ò mọ èyí tí màá mú. Ojú yín ni mo fẹ́."

Ojú yín ni mo fẹ́. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ara mi lẹ́yìn tó pa fóònù. Mo fa àpótí sípánà mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nu ìpẹtà ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Bàrígà. Etí ọ̀sà ni àgbàlá Godspower wà, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti dà pọ̀ mọ́ ti epo ẹ̀rọ. Ọmọ Delta ni Godspower, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Bàrígà débi pé Yorùbá ló fi ń bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Méjèèjì, kò sí wàhálà kankan."

"Ẹ̀rọ tí kò ní wàhálà, ta ló rí i rí?" mo dá a lóhùn. "Sún síbẹ̀ yẹn jàre, o dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."

Èyí àkọ́kọ́ kò ní jíà rárá. Kẹ̀kẹ́ onírin márùn-ún ni wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ìka irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká bíi ràwọ̀ tí ọmọdé yà. Bí katakata bá ń fà á lọ, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí wọn. Ó máa ń wọ́ koríko jọ, ó sì lè yí i padà díẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ ju kí ìka kan kán lọ. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń di sípánà mú lè lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ ní Oníràwọ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ alápapọ̀ náà. Àgbàlagbà ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Ó ní abẹ́bẹ̀ onírin ńlá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́fà, ìka irin sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tó ti ara katakata wá ló ń yí wọn. Tí wọ́n bá yí kíákíá, wọ́n á máa gbọn koríko sókè, wọ́n á tú u ká. Tí o bá fa ọ̀pá jíà sẹ́yìn, wọ́n á máa yí jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn irin kékeré méjì tó wà lẹ́yìn á sì kó koríko jọ sí ìlà kan. Mo fa ọ̀pá náà. Kò mì. Godspower ní ó ti gan ni, pé epo ló ń fẹ́.

Epo kẹ̀! Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo sùn sábẹ́ ẹ̀rọ náà, èmi arúgbó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Mo fi ọwọ́ wá a títí mo fi kan nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ilé jíà, níbi tí ojú ò lè dé. Mo tú u ní ìdajì ìyípo. Ọ̀pá jíà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tún un dè, ọ̀pá kò lọ mọ́. Ó yé mi. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn di ọ̀pá mú, kó má baà yọ lójú iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rọ náà ti sọnù. Godspower ò mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Bàrígà.

Mi ò tètè dìde níbẹ̀. Mo sùn sórí páálí yẹn, mò ń ronú. Tí Kausarat bá mú Oníràwọ̀, ó tán nìyẹn, mi ò ní gbúròó rẹ̀ títí di ọdún Iléyá. Ṣùgbọ́n alápapọ̀ yìí, ìgbàkígbà tó bá fẹ́ yí i láti títú sí wíwọ́-jọ, á nílò ẹni tó mọ nọ́ọ̀tì yẹn. Á nílò mi. Á pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi, Àlàájì Àyúbà, kì í fi gbogbo iṣẹ́ han oníbàárà, gbogbo àwa tí a jáde lábẹ́ rẹ̀ ní Ṣómólú la sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ku nọ́ọ̀tì kan, a ó nu òógùn ojú, a ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá omi tútù." Kó tó dé, a ti de nọ́ọ̀tì yẹn. Kò ní mọ bó ṣe wà láéláé. Lọ́jọ́ tó bá tún dákẹ́, àwa náà ni yóò pè. Nígbà tí Kausarat wà ní kékeré, ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo Sátidé, á gbé àpò sípánà mi, á sì tẹ̀ lé oníbàárà lọ ra omi. Mo rò pé ó gbà pé òùngbẹ ló ń gbẹ mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wá láti oko. Ó ti dúdú sí i, apá rẹ̀ ti le. A jọ yí àwọn ẹ̀rọ náà ká ní àgbàlá Godspower, ó ń bi mí ní ìbéèrè, mò ń dáhùn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Bàbá, èwo wá ni?"

"Alápapọ̀ yìí. Koríko rẹ nípọn, òjò ò sì tíì tán nílẹ̀. Oníràwọ̀ yẹn á kàn máa fọwọ́ pa á lórí ni. Èyí á gbọ̀n ọ́n dé ìdí, á yára gbẹ."

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mi ò purọ́ fún un. Kìkì pé ó ku ìdí kan tí mi ò sọ.

Ó wo ẹ̀rọ náà pẹ́. "Ṣé kò ní máa yọ mí lẹ́nu? Ẹ̀yin ò sí lóko."

"Tó bá yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé fóònù ò sí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà, Bàbá." Ló bá bá Godspower lọ sọ̀rọ̀ owó.

A jọ jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ nílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo ní kó dúró jẹun alẹ́, ó ní ilẹ̀ á ṣú bá òun lọ́nà. Mo ní, "Ó dáa, máa lọ," bíi pé kò jẹ́ nǹkan kan fún mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo bá ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà lọ sóko, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni mo jókòó sí. A so ó mọ́ katakata. Mo fa gíríìsì sí gbogbo ibi tó yẹ, mo tún àwọn ìka tó tẹ̀ ṣe, mo yí i sí títú. Kausarat wà á lọ wà á bọ̀ lórí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, koríko ń fò sókè, ó ń pariwo lórí katakata pé, "Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ wo iṣẹ́!" Mo wò ó.

Nígbà tó padà dé, ó ku nọ́ọ̀tì kan. Mo ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ó lóṣòó tì mí, ó na ọrùn, ó ń wo ọwọ́ mi bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Mo nu òógùn ojú mi.

"Ìyá mi," mo ní, "bá mi bu omi tútù wá."

Kò dìde lójú ẹsẹ̀. "Omi tútù, Bàbá?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó lọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé. Kó tó dé, mo ti de nọ́ọ̀tì náà pinpin, mo sì ti fi gíríìsì bò ó. Ó gbé ife fún mi. Mo mu ún tán. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ yí i sí wíwọ́-jọ, tí ọ̀pá yìí bá ṣagídí, má fipá fà á o, á kán. Pè mí."

"Mo gbọ́, sà," ó dáhùn.

Sà! Bàbá ló máa ń pè mí, ṣùgbọ́n mi ò fura sí i. Inú mi ń dùn ni, mò ń ka ọjọ́. Ọjọ́ méjì ni koríko á fi gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, á ní láti wọ́ ọ jọ. Lọ́jọ́ kẹta, á pè.

Ní ọjọ́ kẹta, mo kírun àárọ̀ tán, mo gba iná sí fóònù títí ó fi kún, mo gbé e sórí tábìlì níwájú mi. Mi ò lọ ibì kankan. Nígbà tó di ọ̀sán, tí kò dún, mo rò pé fóònù ló ní àrùn. Mo jáde lọ bá Sabina, obìnrin tó ń ṣe POS níwájú ilé mi. Mo ní, "Sabina, pè mí."

"Bàbá, mo ṣáà ń rí yín níbí. Kí ni kí n pè yín fún?"

"Pè mí, mo ní!"

Ó pè. Ó dún. Mo gbé e, mo ní, "Kí ló bàjẹ́?" Sabina bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ní kí n jókòó, pé òun á fún mi ní bisikíìtì. Mo ní ta ló sọ fún un pé ebi ń pa mí. Mo wọlé.

Kò pè lọ́jọ́ kẹrin. Kò pè lọ́jọ́ karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Ẹ̀yin náà á ní, ìwọ Ràmọ́nì, ṣé ọwọ́ rẹ gé ni, kí ló dé tí o ò pè é? Mi ò pe ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Èmi ni wọ́n ń pè. Àti pé kí n wá sọ pé kí ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti wá mẹkáníìkì kan ní Ayétòrò. Inú bí mi. Kí ẹnì kan máa fi sípánà jágbajàgba ha ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ mi tò! Mo máa ń bú mẹkáníìkì tí mi ò rí rí yìí nínú yàrá, èmi nìkan, títí n óò fi rántí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ lórí páànù. Ìgbà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn pé bí kò bá rí ẹ̀rọ náà yí, koríko rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ òjò yìí. Bí òjò ṣe dá báyìí, mo gbé àpò sípánà mi, mo bọ́ sọ́nà. Mo wọkọ̀ dé Abẹ́òkúta, mo wọ òmíràn dé Ayétòrò, mo gun ọ̀kadà wọ oko.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òkìtì ńlá kan létí oko, dúdú, tó ń rùn. Koríko tó ti bu ni. Mo wá rí Kausarat. Òun àti obìnrin méjì tó háyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi rééki onígi wọ́ koríko tí òjò ò tíì bà jẹ́ jọ, kó má baà bu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tápólì, ó dúró jẹ́ẹ́.

"Bàbá!" Ó sáré wá, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Kí ló ṣe ẹ̀rọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo fà á síwájú, mo ṣí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ti fi aṣọ di ìka méjì.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, torí ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. "Orí rẹ pé báyìí? Mo ní kó o pè mí, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Fóònù lọ́wọ́, bàbá nílé, o wá ń fi ọwọ́ wọ́ koríko bí ẹni tí kò léèyàn!"

Ó dúró, ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní kí àwọn obìnrin náà lọ sinmi díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ rán mi lọ bu omi."

Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, ta lẹ rò pé ó máa ń mú àwọn oníbàárà gba ọ̀nà tó jìn lọ síbi omi? Èmi ni. Màmi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tètè dé, pé ibẹ̀ lẹ ti ń rí tiwa jẹ. Inú mi máa ń dùn sí i, Bàbá. Àwọn ò mọ̀, àwa mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa rán èmi náà."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ọmọ tí mo bí.

"Mo fa ọ̀pá yẹn, kò lọ," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo mọ̀ pé ẹ ti fi nǹkan pamọ́ fún mi. Mo mú fóònù, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá. Bó bá jẹ́ pé bí oníbàárà ni màá ṣe máa bẹ bàbá mi, kí n kúkú fi ọwọ́ wọ́ ọ."

"Mo fẹ́ kó o máa pè mí ni," mo ní. "Kausarat, mo fẹ́ kó o máa pè mí ni o."

"Mo ń pè yín tẹ́lẹ̀! Ẹ̀yin lẹ máa ń bi mí pé kí ló bàjẹ́. Ó wá dé ibì kan tí ẹ̀rù á máa bà mí láti pè yín tí nǹkan ò bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ yìí gan-an, ṣé ẹ rò pé mi ò lè fi ojú ara mi yàn án ni? Mò ń wá ohun tí màá bá yín sọ ni." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì tún mú rééki rẹ̀.

Mo ká tápólì kúrò. Mo wọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, mo ní, "Bọ́ síbí." Ó kọ́kọ́ dúró, lẹ́yìn náà ló wọlé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹrẹ̀. Mo mú ìka rẹ̀ tí kò bó, mo gbé e lé nọ́ọ̀tì náà lórí. Mo ní, "Òun rèé. Ìdajì ìyípo, má kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra." Mo fún un ní sípánà. Òun fúnra rẹ̀ tú u, òun fúnra rẹ̀ fa ọ̀pá, ó sì lọ.

Iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́ta ì bá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, ó ṣe é tán kí òòrùn tó rọlẹ̀. Koríko tò sí ìlà gbọọrọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin. Mo lọ bu omi nínú ìkòkò, mo gbé e lọ bá a lórí katakata. Ó gbà á, ó mu ún, ó dá ife padà fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé mi dé gáréèjì Ayétòrò lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," bí èèyàn ṣe ń sọ fún mẹkáníìkì. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé àpò sípánà lé ẹsẹ̀, mi ò lè sùn títí a fi dé Èkó.

Ó wá tán pátápátá. Ẹ̀rọ ti di tirẹ̀, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó lè mú un pè mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò tiẹ̀ gba iná sí fóònù mọ́, Sabina ló ń bá mi gbà á sí i. Màá jí, màá kírun, màá wo àga Sàwúdátù. Àwọn ará òkè á sáré jáde, wọ́n á sáré wọlé.

Ní Sátidé, bí mo ṣe jẹun ọ̀sán tán, mo gbé fóònù. Mo wá orúkọ rẹ̀ pẹ́ kí n tó rí i, torí mi ò pè é rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá!" Katakata ń dún gììrì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo bò ó. "Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Ṣé nípa ẹ̀rọ ni? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o."

"Kì í ṣe nípa ẹ̀rọ." Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kó má fi káàdì ṣòfò, mo rántí pé èmi ni mo pè. Mo ní, "Kausarat, mo dá wà ni. Ilé yìí dákẹ́ jù. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ."

Mi ò gbọ́ ohun kankan ju katakata lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, iṣẹ́ pọ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, òòrùn sì wà lókè. Mo ti ń mú fóònù kúrò létí.

"Ẹ dúró, Bàbá. Ẹ má pa á o."

Mo gbọ́ tí katakata wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe pa á, ó sì dákẹ́. Ó ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó."